Ṣé wọ́n á gé owó orí lára owó tí mò ń fi ránṣẹ́ sílé láti Ìlú Ọba?

Arábìnrin kan tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Leeds ló kọ̀wé sí mi. Ọmọ Ọ̀fà ni, Ìlọrin ni ilé ọkọ rẹ̀ wà. Mo gé lẹ́tà rẹ̀ kúrú díẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ náà nìyí: “Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá. Oṣù kẹsàn-án ọdún 2022 ni mo dé Ìlú Ọba. Mo kọ́ ilé onífúláàtì mẹ́ta sí Tanke ní Ìlọrin. Bàbá àwọn ọmọ mi àti àwọn ọmọ wa méjèèjì ń gbé ọ̀kan, ayálégbé wà nínú méjì tó kù, ₦1,200,000 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń san lọ́dún. Oṣooṣù ni mò ń fi owó ránṣẹ́ sílé àti sí ìyá mi ní Ọ̀fà. Wọ́n ní òfin tuntun tí ìjọba ṣe yóò máa gé lára owó tí a bá fi ránṣẹ́, wọ́n á sì tún gba owó orí lórí owó oṣù tí mò ń gbà níbí. Ẹlòmíràn ní àwọn òyìnbó náà á bèèrè owó orí lórí owó ilé Tanke. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n yáa kọ orúkọ àbúrò mi sí ìwé ilé kí n lè bọ́. Èwo gan-an ni òótọ́? Mi ò rí oorun sùn dáadáa mọ́.”

Arábìnrin wa, ẹ kú àìfararọ. Owó mẹ́ta ló wà nínú ohun tí ẹ kọ, wọn ò sì jọra rárá: owó tí ẹ ń fi ránṣẹ́, owó oṣù tí ẹ ń gbà ní Leeds, àti owó ilé Tanke. Àwọn tó ń dẹ́rù bà yín da mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, ibẹ̀ ni ìdààmú ti wá. Òfin kì í kọ́kọ́ bèèrè ibi tí owó gúnlẹ̀ sí. Ohun tó ń bèèrè ni ibi tí ẹni tó ni owó ń gbé, àti ibi tí owó náà ti jáde wá. Tí ẹ bá di ìbéèrè méjèèjì yìí mú, gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ yóò yé yín.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú èyí tó rọrùn kúrò nílẹ̀. Kò sí owó orí lórí owó tí ẹ ń fi ránṣẹ́ sí ìyá yín àti sí bàbá àwọn ọmọ yín. Ohun tí ènìyàn jèrè ni owó orí yìí ń wò: owó iṣẹ́, èrè òwò, owó ilé, èlé àti irú wọn. Owó oúnjẹ, owó oògùn àti owó ilé-ìwé tí ọmọ fi ránṣẹ́ sí òbí kì í ṣe èrè òbí náà. Táíwò Oyèdélé, tó darí ìgbìmọ̀ tí Ààrẹ gbé kalẹ̀ lórí àtúnṣe owó orí, sọ ọ́ ní gbangba léraléra pé owó tí àwọn ọmọ wa lókè òkun ń rán wálé kò sí lára ohun tí wọ́n ń bu owó orí lé. Mo rò pé ohun tó tún ń da àwọn ènìyàn láàmú ni ₦50 tí báǹkì ń yọ nígbà tí owó tí a fi ránṣẹ́ bá tó ₦10,000. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2026, ẹni tó fi owó ránṣẹ́ ni wọ́n ń yọ ọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kì í ṣe ẹni tó gbà á mọ́. Owó ìwé lásán nìyẹn, kò kan ibi tí owó ti wá. Ìyá yín lè máa gba owó rẹ̀ ní Ọ̀fà láìmi ọkàn.

Níbo wá ni ariwo yìí ti jáde? Òfin tí wọ́n ń pè ní Nigeria Tax Act ni. Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí i ní ọjọ́ 26 oṣù kẹfà ọdún 2025, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 1 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2026. Òfin náà sọ pé ẹni tó bá jẹ́ olùgbé Nàìjíríà yóò san owó orí lórí gbogbo èrè rẹ̀ níbikíbi tí èrè náà bá ti wá, ìbáà wọ Nàìjíríà, ìbáà má wọ̀ ọ́. Ẹni tí kì í ṣe olùgbé, èyí tó bá jèrè láti Nàìjíríà nìkan ni wọ́n á bi í. Àwọn ènìyàn gbọ́ “gbogbo èrè níbikíbi”, wọn ò dúró gbọ́ “olùgbé”. Bí ọ̀rọ̀ ṣe di pé wọ́n á gba owó orí lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó jáàpá nìyẹn.

Ṣùgbọ́n mi ò ní tàn yín pé kí ẹ máa sùn fọnfọn nítorí pé Leeds lẹ ń gbé. Ọ̀rọ̀ yín gba àròjinlẹ̀ ju ti ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ, ìdí nìyí. Ọ̀pọ̀ mọ ọjọ́ 183, pé ẹni tó bá lo iye ọjọ́ yẹn ní Nàìjíríà láàárín oṣù méjìlá ti di olùgbé. Òótọ́ ni, àmọ́ ọ̀kan péré ni nínú ohun tí òfin tuntun kà sílẹ̀. Ẹni tó ní ibùgbé tó wà títí fún ìlò ara rẹ̀ ní Nàìjíríà náà wà níbẹ̀. Ẹni tí okùn ìdílé rẹ̀ àti okùn ọrọ̀ ajé rẹ̀ so mọ́ Nàìjíríà gidigidi wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ wá wo ara yín: ọkọ àti ọmọ méjì ní Tanke, ilé tó jẹ́ tiyín, fúláàtì tí ẹ máa ń sọ̀kalẹ̀ sí nígbà tí ẹ bá wálé, owó ilé tó ń wọlé. Bí òṣìṣẹ́ owó orí kan bá jókòó tó ní olùgbé Nàìjíríà ni yín, òfin ilé wa nìkan kò fún mi ní ẹnu tí mo lè fi sọ pé irọ́ ló pa. Òfin ò sọ bí okùn náà ṣe gbọ́dọ̀ nípọn tó kó tó di “gidigidi”, kò sì sí iye kan tí a lè fi wọ̀n ọ́n. Èyí ni mo fi máa ń bẹ àwọn tó ń kọ́ ilé láti òkè òkun, tí ìdílé wọn ṣì wà nílé, pé kí wọ́n má fi ọ̀rọ̀ ọjọ́ 183 nìkan pa iná inú wọn.

Ohun tó wá gbà yín sílẹ̀ ni pé ilẹ̀ Nàìjíríà àti Ìlú Ọba ní àdéhùn lórí ọ̀rọ̀ yìí láti ọdún 1987, kí ẹnì kan má baà san owó orí lórí owó kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí orílẹ̀-èdè méjèèjì bá ń sọ pé olùgbé àwọn ni ọ́, àdéhùn náà ní ìlànà tí a fi ń yanjú rẹ̀. A ó kọ́kọ́ bèèrè ibi tí ẹ ní ilé tí ẹ lè wọ̀ nígbàkígbà. Ilé tí ẹ háyà ní Leeds jẹ́ ilé, fúláàtì Tanke náà jẹ́ ilé, ìyẹn ò yanjú nǹkan kan. A ó wá bèèrè ibi tí ayé yín fi sí jù, ní ti ẹbí àti ní ti àtijẹ. Ẹbí wà ní Ìlọrin, iṣẹ́ wà ní Leeds, ẹni méjì lè jókòó kí wọ́n má fohùn ṣọ̀kan. Tí èyí kò bá yanjú rẹ̀, a ó bèèrè ibi tí ẹ ń gbé lójoojúmọ́ ní tòótọ́. Níbí, kò sí àríyànjiyàn mọ́: Leeds ni. Nítorí náà, èrò mi ni pé olùgbé Ìlú Ọba ni ẹ jẹ́ lábẹ́ àdéhùn náà, owó oṣù tí ẹ ń gbà ní ilé ìwòsàn níbẹ̀ kò sì sí lára ohun tí Nàìjíríà lè bu owó orí lé. Bó bá sì ṣẹlẹ̀ pé wọ́n fa ìlà náà sí ọ̀dọ̀ wa, wọ́n ṣì gbọ́dọ̀ yọ ohun tí ẹ ti san fún Ìlú Ọba kúrò nínú ohun tí wọ́n bá bèèrè.

Mo mọ̀ pé ẹ lè sọ pé tó bá jẹ́ pé wọ́n á yọ ọ́ kúrò, kí ló tún kù tó ń bani lẹ́rù? Ó kù. Ní Ìlú Ọba, £12,570 àkọ́kọ́ nínú owó ọdún yín kò ní owó orí, ìdá 20 nínú 100 sì ni wọ́n ń gbà lórí ìyókù títí dé £50,270. Nílé, ₦800,000 àkọ́kọ́ ni kò ní owó orí, ìdá 15 tẹ̀ lé e, ó sì ń gòkè títí tó fi dé ìdá 25 lórí èyí tó bá kọjá ₦50,000,000. Nígbà tí a bá ṣẹ́ owó oṣù nọ́ọ̀sì sí náírà, kíá ló ń gun àkàsọ̀ yẹn, tó sì jẹ́ pé ohun tó ń ra níbẹ̀ kò ju ti ẹni tó ń tọ́jú ara rẹ̀ lọ. Owó orí tiwa lè wá ju tiwọn lọ, wọ́n sì lè ní kí ẹ san ìyàtọ̀ rẹ̀. Èyí ló mú kí n fẹ́ kí ẹ fi ìwé ti ọ̀rọ̀ ibùgbé yín lẹ́yìn. HMRC, ilé iṣẹ́ owó orí wọn, máa ń fún ènìyàn ní ìwé ẹ̀rí tí wọ́n ń pè ní Certificate of Residence bí ó bá béèrè fún un nítorí àdéhùn pẹ̀lú orílẹ̀-èdè mìíràn. Ẹ béèrè fún un. Ẹ tọ́jú P60 ti ọdọọdún, ìyẹn ìwé tí ibi iṣẹ́ yín fi ń sọ owó oṣù àti owó orí yín fún ọdún kan, àdéhùn ilé tí ẹ háyà, àti ọjọ́ tí ẹ wọ Nàìjíríà àti ọjọ́ tí ẹ jáde nínú pásípọ́ọ̀tù. Tí ẹnikẹ́ni bá bi ọkọ yín léèrè ní Ìlọrin, ìwé ni kó fà yọ, kó má ṣe àlàyé ẹnu.

Owó ilé Tanke ni iṣẹ́ wà nínú rẹ̀. Ilẹ̀ Nàìjíríà ni ilé náà wà, ilẹ̀ Nàìjíríà ló sì kọ́kọ́ ní ẹ̀tọ́ sí owó orí rẹ̀, ìbáà jẹ́ òṣùpá ni ẹ ń gbé. Àdéhùn kò yí èyí padà. Ọ̀pọ̀ onílé ní Tanke àti Gáà Akanbí kò san án rí, wọ́n sì rò pé ó parí síbẹ̀. Òfin kò parí síbẹ̀. ₦2,400,000 ni àpapọ̀ owó ilé yín lọ́dún. Ẹ ó yọ ohun tí ẹ ná lórí ilé náà tí ẹ ní rìsíìtì rẹ̀: owó ejẹ́ǹtì, àtúnṣe páìpù àti òrùlé, owó ẹ̀ṣọ́. Kí a sọ pé ó jẹ́ ₦400,000. Ó ku ₦2,000,000. ₦800,000 àkọ́kọ́ kò ní owó orí, ìdá 15 lórí ₦1,200,000 tó kù sì jẹ́ ₦180,000. Iye tí à ń sọ nìyẹn fún ọdún kan gbáko. Kì í ṣe ohun tó yẹ kó gba oorun lójú yín. Ohun tó yẹ kí ẹ bẹ̀rù ni kí ẹ máa dákẹ́: ẹni tí kò bá fi ìwé owó orí rẹ̀ sílẹ̀ lásìkò, ìtanràn ₦100,000 ni fún oṣù àkọ́kọ́, àti ₦50,000 fún oṣù kọ̀ọ̀kan tó bá tẹ̀ lé e. Kí oṣù mẹ́ta tó pé, ìtanràn ti ju owó orí fúnra rẹ̀ lọ. Ọjọ́ 31 oṣù kẹta ọdọọdún ni ìwé ti ọdún tó kọjá gbọ́dọ̀ wọlé.

Ọ́fíìsì wo ni ẹ máa san án sí? Níbí ni mo ti rí i tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣìnà. Ẹni tó ń gbé Ìlọrin, KW-IRS ti ìpínlẹ̀ Kwara ló ni ín. Ẹni tí kì í ṣe olùgbé Nàìjíríà, ìjọba àpapọ̀ ló ni ín, ìyẹn NRS, ilé iṣẹ́ tó rọ́pò FIRS. Nítorí náà, bí ẹ bá dúró lórí pé olùgbé Ìlú Ọba ni yín, ọ̀dọ̀ NRS ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí HMRC lọ́wọ́. Bó bá jẹ́ pé KW-IRS ti kọ́kọ́ kọ̀wé sí ọkọ yín lórí ilé yìí, ẹ má san án sí ibi méjèèjì, ẹ má sì pa ìwé náà tì. Kí ẹ fèsì, kí ẹ fi ìwé ẹ̀rí hàn, kí ẹ sì ní kí wọ́n dá yín lóhùn lórí ìwé. Joint Revenue Board wà fún irú àìfohùnṣọ̀kan báyìí láàárín àwọn ọ́fíìsì owó orí. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba owó lọ́wọ́ ọkọ yín láìfún un ní rìsíìtì ìjọba, nítorí rìsíìtì yẹn gan-an ni ẹ ó lò ní ọ̀dọ̀ àwọn òyìnbó.

Òótọ́ ni, àwọn òyìnbó náà fẹ́ gbọ́ nípa Tanke. Olùgbé Ìlú Ọba ń sọ èrè rẹ̀ gbogbo fún HMRC, ti òkè òkun pẹ̀lú. Títí di ọjọ́ 5 oṣù kẹrin ọdún 2025, ẹni tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ kì í ṣe Ìlú Ọba, tí èrè rẹ̀ tó fi sílẹ̀ ní ilẹ̀ òkèèrè kò sì tó £2,000 lọ́dún, kò ní láti sọ ọ́, níwọ̀n ìgbà tí kò bá ti kó owó náà wọ ibẹ̀. Ẹ̀yin wà lábẹ́ èyí fún ọdún tí owó ilé náà kò bá tó £2,000 nígbà tí a bá ṣẹ́ ẹ, níwọ̀n bí ó ti ń parí sí Ìlọrin. Fún irú ọdún bẹ́ẹ̀, mi ò rò pé ẹ ní gbèsè lọ́dọ̀ wọn. Ọjọ́ 6 oṣù kẹrin ọdún 2025 ni wọ́n pa ètò yẹn rẹ́. Wọ́n gbé òmíràn dìde tó ń fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ní ọdún mẹ́rin tí wọn ò ní gba owó orí lórí èrè òkèèrè rẹ̀. Ẹni kan lè sọ fún yín pé kí ẹ forúkọ sílẹ̀ fún un, nítorí ọdún 2025/26 ṣì bọ́ sí ọdún kẹrin yín. Ẹ má ṣe é. Ẹni tó bá gbà á yóò pàdánù £12,570 tí kò ní owó orí yẹn fún ọdún náà, ìyẹn á sì ná yín ní £2,514 nítorí owó ilé tí kò tó nǹkan. Àwọn olówó ńlá ni ètò náà bá lára mu.

Èyí tó bá yín mu ni £1,000 tí Ìlú Ọba ń gbójú fò nínú owó ilé lọ́dún. Ẹni tí owó ilé rẹ̀ kò bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, kó tó yọ ìnáwó kankan, kò ní ohunkóhun láti sọ. Tiyín yóò lé díẹ̀ ní £1,000 tí a bá ṣẹ́ ẹ, nítorí náà ẹ ní láti forúkọ sílẹ̀ fún Self Assessment, ìyẹn ètò tí ènìyàn fi ń kọ èrè ara rẹ̀ ránṣẹ́ sí HMRC. Ẹ lè yọ £1,000 náà dípò àwọn ìnáwó gidi, kí ó ku ìwọ̀nba díẹ̀. Ìdá 20 ni wọ́n á wò lórí èyí tó kù, wọ́n á sì yọ ohun tí ẹ ti san ní Nàìjíríà kúrò nínú rẹ̀. Bí mo ṣe ń wò ó, ₦180,000 tí ẹ san nílé yóò bò ó mọ́lẹ̀ pátápátá, ẹ ò ní san kọ́bọ̀ fún wọn. Àmọ́ wọ́n á fẹ́ rí ẹ̀rí pé ẹ san án. Fún ọdún tó parí ní ọjọ́ 5 oṣù kẹrin ọdún 2026, ọjọ́ 5 oṣù kẹwàá ọdún 2026 ni òpin ìforúkọsílẹ̀, ọjọ́ 31 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2027 sì ni òpin ìwé àti owó. Iṣẹ́ mi kò dé ọ̀dọ̀ HMRC. Kí ẹ wá oníṣirò owó kan níbẹ̀ tó mọ̀ nípa owó ilé òkèèrè kó bá yín kọ ti ọdún àkọ́kọ́, ẹ ó lè máa ṣe é fúnra yín lẹ́yìn náà.

Ẹ má sọ pé ta ni yóò sọ fún wọn. Nàìjíríà wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tó ń fi ìròyìn àkáǹtì báǹkì ránṣẹ́ sí ara wọn lábẹ́ ètò tí wọ́n ń pè ní CRS. Fọ́ọ̀mù tí báǹkì fi ń bi yín pé “orílẹ̀-èdè wo lẹ ti ń san owó orí?” kì í ṣe ọ̀rọ̀ àsọdànù. Ìdáhùn tó tọ́ ni kí ẹ kọ síbẹ̀, kò sì gbọdọ̀ ta ko ohun tí ẹ kọ sọ́dọ̀ NRS. Àwọn kan ti bọ́ sínú wàhálà nítorí pé wọ́n kọ Ìlọrin fún báǹkì, wọ́n kọ London fún ọ́fíìsì owó orí.

Ní ti orúkọ àbúrò yín lórí ìwé ilé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dán an wò. Àbúrò yín ń gbé Nàìjíríà, owó ilé náà yóò gorí owó tirẹ̀, wọ́n lè bu owó orí tó ju tiyín lọ lé e. HMRC á ṣì máa wo ẹni tó ń jẹ èrè náà ní tòótọ́. Èyí tó burú jù ni pé ilé ti di tirẹ̀ nínú ìwé. Tí ìjà bá dé, tàbí tí ó bá ṣaláìsí tí ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀ gbé ìwé dìde, kí lẹ ó fi hàn? Mo ti rí ilé ní Ìlọrin tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “ṣáà fi orúkọ rẹ sí i”, tí ẹbí kan náà sì ń pàdé ní kóòtù lórí rẹ̀ títí dòní. Ìwé àṣẹ tó fún ọkọ yín láyè láti gba owó ilé kó sì san owó orí lórúkọ yín ti tó. Lọ́yà kan lè kọ ọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ kan.

Kí àwọn tó ń gbé ibòmíràn má kàn mú ìdáhùn yìí lò. Nàìjíríà kò ní irú àdéhùn yìí pẹ̀lú Amẹ́ríkà, Amẹ́ríkà sì ń bi ọmọ ìbílẹ̀ rẹ̀ àti ẹni tó ní káàdì ìgbélùú léèrè gbogbo èrè wọn níbikíbi. Kódà bí owó inú gbogbo àkáǹtì wọn lókèèrè bá ju $10,000 lọ nígbà kan láàárín ọdún, wọ́n gbọ́dọ̀ sọ fún ìjọba níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ Ìlọrin sì wà ní Saudi Arabia, níbi tí wọn kì í gba owó orí lórí owó oṣù. Ó dùn mọ́ni, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí wọ́n san níbẹ̀ tí a lè yọ kúrò nínú ti Nàìjíríà. Bí ìyàwó àti ọmọ wọn bá wà nílé, ọ̀rọ̀ okùn ìdílé yẹn kàn wọ́n ju ẹ̀yin lọ.

Tí ọkọ yín bá ń lọ sí NRS ní Ìlọrin, kó mú NIN yín dání, òun náà ni nọ́ńbà owó orí yín báyìí. Kó mú ìwé ilé, àdéhùn àwọn ayálégbé méjèèjì, rìsíìtì àtúnṣe, ìwé àṣẹ tí lọ́yà kọ, àti ìwé ẹ̀rí HMRC bó bá ti dé. Bí kò bá tíì dé, P60 yín tó kẹ́yìn àti ìwé ilé tí ẹ háyà ní Leeds ni kó fi bẹ̀rẹ̀ ná. Àwọn ọdún tó ti kọjá lórí owó ilé náà ni kó fẹnu ara rẹ̀ dárúkọ kí wọ́n tó bi í, kó sì bèèrè bóyá wọ́n á jẹ́ kí ẹ san án díẹ̀díẹ̀.